Sítáàṣì Oníkánáfùrù

Nígbà tí oyún ọmọ mi pé oṣù mẹ́ta, ó kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó sì padà wá sílé mi ní Ladi-Lak. Òun àti ọkọ rẹ̀ kò jà. Inú ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó lè lọ kí ó pẹ́ kó tó dé. Bí ó bá ti lọ, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ ni ọmọ mi máa ń wà, létí ọ̀sà ní Bàríga níbẹ̀. Ìyá náà ń yan ẹja tà. Ẹja wà lágbàlá, ẹja wà lórí àtẹ, òórùn ẹja wà lára aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Tí èéfín bá ti lè yí sọ́nà fèrèsé, ọmọ mi a bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

Ìyá ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló mú un wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Mo ní kí ó wọlé, ó ní rárá, ara òun ń rùn.

"Bàbá Ìyàwó, ẹja mi ló lé ọmọ yín," ó ní. "Ẹja tí mo fi tọ́ ọkọ ẹ̀ dàgbà. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Bó bá wá bì lọ́dọ̀ yín náà, a ó mọ̀ pé ẹja ò jẹ̀bi."

Ó fi ẹ̀rín gbé e, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó dùn ún.

Ó bì lọ́dọ̀ mi náà.

Mo se ìrẹsì, ó bì í. Mo se iṣu, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n gbé e débi tó jókòó sí. Mo po ògì, ó mu ṣíbí díẹ̀, ó gbé e kalẹ̀, ó sì sáré jáde lọ sí ilé ìwẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, èyí tí gbogbo wa nínú ilé náà jọ ń lò. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú ni mo ti ń dáná fún ara mi, ṣùgbọ́n oúnjẹ ẹni tí ebi ń pa ni mo mọ̀ ọ́n sè. N kò mọ oúnjẹ ẹni tí kò fẹ́ jẹun.

Àwọn obìnrin ilé wa kò fi mí sílẹ̀. Ọ̀kan ní kí ó máa lá ọsàn wẹ́wẹ́. Ọ̀kan ní orógbó. Ọ̀kan ní kí n má ṣe máa wò ó lẹ́nu bí ó bá ń jẹun, pé ojú mi ló ń lé oúnjẹ náà jáde. Mo gba tìyẹn gbọ́ ju tàwọn yòókù lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ojú sí ògiri nígbà tí ó bá ń jẹun. Ó ṣì ń bì.

Nígbà tí mo tẹ̀ lé e lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gbé e sórí ìwọ̀n. Ó wo ìwọ̀n, ó wo káàdì, ó tún wo ìwọ̀n.

"Ó ti fọn o, Bàbá. Kí ló ń jẹ?"

"Kò jẹ nǹkan kan tó dúró."

"Ẹ jẹ́ kó máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ mú un padà wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Bó bá tún dín sí i, a máa dá a dúró síbí, a máa fa omi sí i lára."

Bó ṣe sọ pé àwọn máa dá a dúró, n kò gbọ́ ìyókù mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe dá ìyá rẹ̀ dúró. Kò lè jẹun mọ́, wọ́n ní kí ó sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí omi lè wọ ara rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ nìkan ni mo gbé padà wálé. N kò rán ọmọ mi létí èyí. Òun náà kò rán mi létí. A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó fi orí lé èjìká mi títí a fi dé ilé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí gbà. Ìwé ni mò ń dì ní Ṣómólú. Bí àwọn tó ń tẹ̀wé bá tẹ̀ ẹ́ tán, àwa ni wọ́n ń kó o wá fún, kí á rán an, kí á lẹ ẹ̀yìn mọ́ ọn. Mo ti ń di ìwé tipẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n kà. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n mi. Gọ́ọ̀mù inú ike ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa ń lò báyìí. Èmi ṣì ń se sítáàṣì, bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi: sítáàṣì inú ẹ̀gẹ́, ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí àwọn alágbàfọ̀ ń fi sí aṣọ. A ó fi omi tútù pò ó, a ó da omi híhó lé e, a ó máa rò ó títí yóò fi là bíi dígí. Ọ̀gá mi máa ń kọ́kọ́ bọ kánáfùrù nínú omi híhó náà. Ó ní aáyán kì í jẹ ẹ̀yìn ìwé tó bá ní òórùn yẹn. Bí ó bá wá ń tutù lọ, a ó kán oògùn kan sí i láti inú ìgò, kí ó má baà bu. Oògùn náà kì í ṣe nǹkan ẹnu.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ tí a máa padà sílé ìwòsàn, ọmọ mi yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Mo dìde. Mo rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

"Wọ́n ń dín ẹja nílé kejì," ó ní. "Mi ò lè mí."

Mo kó bébà kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó. Ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ gé ìwé ní ṣọ́ọ̀bù wa yọjú láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀. Ọmọ mi kò tíì mọ̀ ọ́n rìn tí onítọ̀hún ti mọ̀ ọ́n.

"Ìyá ìkókó, káàbọ̀ o! Wò ó, o ti fẹ́lẹ́ bíi bébà. Má jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibí o, mo lè ṣèèṣì gé ẹ mọ́ ọn."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé.

Sítáàṣì ni mò ń rò lórí sítóòfù. Ó gbé imú sókè.

"Dádì, kí ló ń ta sánsán báyìí?"

"Sítáàṣì ni. O ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n."

Nígbà tó wà ní kékeré, abẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi ló máa ń sùn sí bí ó bá ti iléèwé dé, lórí ègé bébà, títí ìyá rẹ̀ yóò fi wá mú un. Mo gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀, mo ń rán ìwé títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo yí padà láti mú páálí. Nígbà tí mo máa fi kọjú sí i, ìka rẹ̀ ti wọ inú ìkòkò, ó sì ti fi í sẹ́nu.

Mo gbá a lọ́wọ́.

"Tu ú jáde!"

Ó tu ú jáde, ṣùgbọ́n ó ti gbé díẹ̀ mì. Mo dúró, mo ń gbìyànjú láti rántí bóyá mo ti kán oògùn yẹn sí i. N kò rántí. Ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́ náà débi pé ó lè ṣe é láìsọ fún mi. Mo gbé ìgò, mo wò ó sójú ìmọ́lẹ̀, kò sí ohun tí mo lè rí níbẹ̀ tí yóò sọ fún mi.

"Ṣé mo ti fi í sí i?" mo bi ọkùnrin ẹ̀rọ.

"Kí ni?"

"Oògùn! Oògùn inú ìgò!"

Ó pa ẹ̀rọ. Ó wo ojú mi, kò ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ ò tíì fi sí i, ọ̀gá. Ìdérí ẹ̀ ló le láàárọ̀ tẹ́ ẹ ní kí n bá yín ṣí i. Mo ní ẹ jẹ́ n gé eléyìí tán. Mi ò tíì ṣí i."

Mo di ìdérí náà mú, mo fi agbára yí i. Kò yí. Mo jókòó sórí páálí.

Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí ìkòkò kan náà ni mo ti ń lò láti ọdún pípẹ́, ta ni ó mọ ohun tó ti mu sára. Gbogbo ọ̀sán yẹn ni mo ń wo ètè ọmọ mi, tí mo ń wo èékánná rẹ̀. N kò lè di ìwé kankan. Ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń bá ọkùnrin ẹ̀rọ ṣàwàdà. Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé kò tíì jáde láti bì. Ohun kan kọjá lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, kò sì padà.

"Dádì, ẹ fún mi sí i."

"Rárá."

"Díẹ̀ báyìí."

"Nǹkan ìwé ni. Kì í ṣe oúnjẹ."

"Ọ̀gá, ẹ fún un," ọkùnrin ẹ̀rọ dá sí i. "Ohun tó lè ṣe ò ju kí wọ́n bí ọmọ náà tòun ti páálí lẹ́yìn bí ìwé."

N kò rẹ́rìn-ín. Mo bo ìkòkò, mo mú ọmọ mi, a lọ sílé.

Mo fẹ́ ra sítáàṣì tó mọ́. Èyí tí a ń rà fún ìwé, ilẹ̀ ni wọ́n ń sá a sí, kò sẹ́ni tó bìkítà bí yanrìn bá bọ́ sí i. N kò mọ ẹni tí mo lè bi léèrè, ni mo bá pe àna mi. Èmi àti ìyá náà kì í sọ ju ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́ lọ. Mo ṣàlàyé fún un lórí fóònù.

"Sítáàṣì?" ó ní. "Bàbá Ìyàwó, létí òkun nílùú wa, oúnjẹ gidi ni! Ta ló sọ fún yín pé aṣọ ló ni ín? Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ yìí, ẹ ń fi oúnjẹ olóúnjẹ lẹ ìwé."

Èsì wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì, nítorí àna ni.

Ó gbé sítáàṣì wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn nínú abọ́ tó mọ́, èyí tó ti fi omi fọ̀ léraléra títí ó fi funfun. Ó tún dúró sí ẹnu ọ̀nà. Láti ibẹ̀ ló ti ń kọ́ mi: kí n da epo pupa sí i, kí n máa rò ó, kí n má ṣe jẹ́ kí iná pọ̀. Mo ra ìkòkò tuntun, mo ṣe é bí ó ṣe sọ. Ó dára, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń fà. Ọmọ mi gbọ́ òórùn epo, ó sì bo imú. Ó tọ́ ọ wò nítorí ti ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń wò ó. Kò pẹ́ tó sáré jáde.

Àna mi wo abọ́ náà. "Ó dáa," ó ní, ó sì lọ. Mo mọ̀ pé kò dáa.

Lọ́jọ́ kejì, n kò lọ síbi iṣẹ́. Mo rò ó pé èyí tó jẹ ní ṣọ́ọ̀bù kò ní epo, kánáfùrù ló ní. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kánáfùrù ń bà mí. Mo lọ bá obìnrin tó ń ta oògùn ní ìkóríta wa, mo béèrè bóyá aboyún lè jẹ ẹ́. Ó ní ìwọ̀n tí èèyàn ń fi sí tíì kò burú, kí n má ṣe bù ú pọ̀. Mo tún padà lọ bi í pé kí ni ìwọ̀n tíì. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹyọ kan. Ẹ lọ farabalẹ̀."

Mo bọ ẹyọ kan. Mo sẹ́ omi rẹ̀. Mo rò ó pé epo tí ó kọ̀ yìí, ọ̀rá ló yẹ kí ó fún un, ọ̀rá sì wà nínú àgbọn. Mo fọ́ àgbọn, mo rin ín, mo fún omi rẹ̀ sínú sítáàṣì náà dípò epo. Iyọ̀ bíńtín. Ọwọ́ mi mọ bí a ti ń rò ó. Mo gbé e fún un, mo kọjú sí ògiri.

Mo gbọ́ ṣíbí lára abọ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ń dúró de ìgbà tí àga yóò dún, tí yóò dìde sáré. Àga kò dún.

"Ó tán," ó ní.

N kò bojú wẹ̀yìn.

"Dádì, mo ní ó tán. Ẹ ò lè yí ojú padà ni?"

Ó jẹ ẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jẹ ẹ́ lálẹ́. Èmi kò jẹ nǹkan kan tó nílàárí. Bí mo bá ti gbé oúnjẹ sẹ́nu, ọkàn mi a máa lọ síbi ìwọ̀n.

Ní Ọjọ́bọ̀ a lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan náà ni. Ọmọ mi bọ́ bàtà, ó gun ìwọ̀n. Mo rí i tó ń dúró gírígírí bí ẹni pé ìyẹn lè mú un wúwo sí i.

"Kò dín," nọ́ọ̀sì ní. "Kò lé, ṣùgbọ́n kò dín. Kí lo wá ń jẹ?"

"Sítáàṣì."

"Sítáàṣì wo? Ti aṣọ?"

"Ti ìwé," ọmọ mi dá a lóhùn.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ kí ó wá gbọ́. Èmi ń dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán kí n lè mọ̀ bóyá a ń lọ sílé. Nígbà tó yá, ó dojú kọ mí.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ó dáa tó ń dúró sí i nínú. Àmọ́ sítáàṣì nìkan ò lè gbé ọmọ dé ibì kankan o. Ẹ wá bí ẹyin tàbí ẹja ṣe máa wọ inú ẹ̀. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ká tún wọ̀n ọ́n wò."

Báyìí ni wọ́n ṣe fi ọ̀sẹ̀ kan sí i fún mi. Ẹyin, mo ti dán an wò, òórùn rẹ̀ lé e jáde kó tó jinná. Ẹja kò sì ṣeé dárúkọ. Mo pe àna mi, mo sọ ohun tí wọ́n sọ. Ó ní òun ń bọ̀.

Nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́, mo rí i pé ó ti wẹ̀, ó ti pààrọ̀ aṣọ, ọṣẹ ni ó ń ta sánsán lára rẹ̀. Ó mú náílọ́ọ̀nù kékeré kan jáde. Lúbúlúbú funfun ló wà nínú rẹ̀.

"Ẹja ni," ó ní. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo bọ́ awọ rẹ̀, mo yọ egungun, oòrùn ni mo sá a sí lórí páànù. Kò débi èéfín rárá. Ẹ gbóòórùn ẹ̀ wò."

Mo gbóòórùn rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní òórùn.

"Ìgbà wo lẹ sá a?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti mú ọmọ yín wá síbí. Èyí àkọ́kọ́ bàjẹ́, òjò pa á. Mo tún òmíràn sá." Ó wo ilẹ̀. "Ẹ má sọ fún un pé ẹja ni. Ẹ ṣáà dà á sí i."

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí mò ń rin àgbọn, mo rò ó nígbà tí mò ń ro sítáàṣì. Ṣíbí kékeré kan ni mo dà sí i. Mo gbé e wọlé, mo gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹja wà nínú rẹ̀," mo ní.

Ó wo abọ́ náà.

"Ti Màámi?" Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀.

"Ti Màámi ni."

Ó mú ṣíbí. Mo jáde, mo fa ilẹ̀kùn pọ̀.

Àna mi wà lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo jókòó sí ìkangun kejì. A ń tẹ́tí. A gbọ́ ṣíbí. Lẹ́yìn náà jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó sún mọ́ ilẹ̀kùn díẹ̀. Èmi náà sún. Obìnrin kan láti yàrá kejì kọjá, ó kí wa, ó wò wá bí ẹni tó bá olè méjì lẹ́nu iṣẹ́.

"Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan?" àna mi béèrè.

"N kò gbọ́."

"Bó bá bì í, ẹ má bínú sí mi."

"Kí ni n ó bínú sí?"

"Mo ní ẹ má bínú sí mi ni." Ó fi etí gèlè nu ojú, ó ní ooru ń mú òun.

Ilẹ̀kùn ṣí. Àwa méjèèjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ mi gbé abọ́ dání, abọ́ náà ti ṣófo.

"Kí lẹ ń ṣọ́ níbí?"

"A ń gbatẹ́gùn ni," ìyá ọkọ rẹ̀ ní.

"Lẹ́nu ilẹ̀kùn?" Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ wọlé, Màámi. Ẹ ò rùn."

Ìyá náà dúró síbi tó wà fún ìgbà díẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó sì wọlé.

"Ṣé kò ní padà jáde?" mo bi ọmọ mi.

"Mi ò mọ̀ o, Dádì. Ó ṣì wà níbẹ̀." Ó gbé ọwọ́ lé òkè ikùn rẹ̀, bí ẹni tó ń rọ nǹkan kan pé kí ó jókòó jẹ́ẹ́.

Mo tẹ̀ lé wọn wọlé. Mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo sì gbé bẹ́ǹṣì kúrò lójú ọ̀nà, bí ó bá lọ ṣẹlẹ̀ pé ọmọ mi yóò sáré jáde.